Bàtà Tó Ń Ṣọ́ Iṣu

Olè tó wọ oko Àmọ̀kẹ́ lọ́dún yìí kò ṣe bí olè. Olè tí wọ́n mọ̀ ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ọ̀kadà ló máa ń gbé wọ oko. Á tú ebè bí ẹni ń tú ẹrù alájọgbé tó sá lọ, á já okùn iṣu sọnù, á di àpò rẹ̀, á sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Eléyìí kò kánjú rárá. Yóò la ẹ̀gbẹ́ ebè kan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, yóò gé iṣu, yóò fi orí rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ okùn kó lè tún ta, yóò da erùpẹ̀ padà, yóò fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, yóò sì fi koríko gbígbẹ dé ebè náà ní fìlà. Àmọ̀kẹ́ tó ni oko kì í ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ifákúnlé, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ bá tirẹ̀ pààlà, ló kọ́kọ́ fura. Olórìṣà Ògìyán ni bàbá náà, kì í fi iṣu tuntun kan ẹnu títí ọdún Ògìyán yóò fi kọjá, bóyá ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ kì í fi kúrò lára iṣu ẹlòmíì.

"Ìyá Peculiar, wá wo nǹkan," ó ní fún Àmọ̀kẹ́. Ó fi ẹsẹ̀ fọ́n eérú kan ká lábẹ́ igi ẹmi. Èèpo iṣu wà nínú rẹ̀. "Ó sun ún jẹ níbí ni. Kò gbé nǹkan kan lọ sílé. Láyé tiwa, ẹni tí ebi ń pa lè sun iṣu jẹ lóko olóko, kó ṣáà má ti gbé e lọ sílé."

"Bàbá, èrò ọ̀nà lẹ̀ ń sọ yẹn," Àmọ̀kẹ́ dá a lóhùn. "Èyí tó ń jẹun lóko mi láti ọjọ́ yìí, ṣé kò tíì dé ibi tó ń lọ ni?"

Ó fi í ṣe ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe ti iṣu nìkan. Ilẹ̀ ìdílé ọkọ rẹ̀ ni ilẹ̀ náà. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni Dúrójaiyé ọkọ rẹ̀ ti lọ sí Àbíjàn, bí ọ̀pọ̀ ọmọ agbègbè Èjìgbò ti ń lọ láti ayé àwọn bàbá wọn, tó sì fi oko lé e lọ́wọ́. Gbogbo ènìyàn rò pé igbó ni yóò dà. Àmọ̀kẹ́ mú ọkọ́, ó wọ ẹgbẹ́ ààrò láàárín àwọn ọkùnrin: òní oko lágbájá, ọ̀la oko tàmẹ̀dò, títí yóò fi kan tirẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ebè, ó kọ ebè. Bí ẹ̀yìn bá ń dùn wọ́n, tirẹ̀ náà ń dùn ún. Àwọn tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà ló ń bẹ̀ ẹ́ báyìí pé kó fún àwọn ní iṣu gbígbìn.

Ṣùgbọ́n Olúwarótìmí, àbúrò ọkọ rẹ̀, fẹ́ gbin kaṣú sí ilẹ̀ náà. Àmọ̀kẹ́ kì í pe orúkọ rẹ̀, nítorí ilé ọkọ ló ti bá a. Akọ̀wé ló ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà tẹ́tẹ́ nìkan lẹnikẹ́ni rí i kí ó kọ rí. Nígbà tí Akọ̀wé gbọ́ pé olè ń wọ oko, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n bí ọmọ fún. Ó kó ẹbí jọ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi.

"Ìyàwó wa, ẹ má bínú," ó ní. "Ilẹ̀ tí ẹ ò lè ṣọ́, ṣé ilẹ̀ yín ni? Bí olè bá tún wọ ibẹ̀ kí ẹ tó kórè, ẹ máa fi sílẹ̀ fún ẹni tó lè ṣọ́ ọ."

Àwọn àgbà ilé mi orí. Kò sí ẹni tó rántí ààrò níbẹ̀. Inú bí Àmọ̀kẹ́ gan-an.

Kò sọ ọ́ fún Dúrójaiyé. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni ọkùnrin náà máa ń pè é lórí Wọ́sáàpù. "Ça va, ìyàwó mi?" ni yóò kọ́kọ́ wí, bí àwọn ará Àbíjàn ti ń kí ara wọn. Yóò bèèrè Peculiar ọmọ wọn, yóò bèèrè òjò, yóò ní iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí òun ráyè, pé ilé làbọ̀ sinmi oko, òun ń bọ̀. Àmọ̀kẹ́ rò ó pé a kì í fi wàhálà ilé dẹ́rù ba ẹni tó wà lájò, ó sì ń dá a lóhùn pé àlàáfíà ni.

Ló bá pinnu pé òun yóò fi ààlè sí oko. Akọrin ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó mọ ohun tí pásítọ̀ yóò sọ bó bá gbọ́, ṣùgbọ́n pásítọ̀ kò ní iṣu nílẹ̀. Ààlè kò ṣòro ṣe. Ohun tó ti gbó, tí kò wúlò mọ́, la fi ń dì í, kí olè lè wò ó, kó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni òun náà yóò ṣe dà. Ó mú òòyà tó ti kán, ó mú ṣúkù àgbàdo, ó mú àkísà pupa. Ó ku bàtà. Ó na ọwọ́ sábẹ́ ibùsùn, ọwọ́ rẹ̀ sì ba sálúbàtà Dúrójaiyé kan, ti ẹsẹ̀ òsì, èyí tí ọkùnrin náà fi wáyà rán fúnra rẹ̀ kó tó rìnrìn àjò. Àmọ̀kẹ́ kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀pá, ó rì í mọ́ àárín oko.

"Ẹni tó bá tún wa iṣu níbí," ó ní, "kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má gbé e délé." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá fi "ní orúkọ Jésù" kún un.

Olè dáwọ́ dúró. Ọ̀sẹ̀ yẹn parí, òmíràn tẹ̀lé e, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ebè. Àmọ̀kẹ́ ń rìn bí ológun láàárín ọjà, ó ń sọ fún ẹni tó bèèrè àti ẹni tí kò bèèrè pé òun ti lé olè lọ. Ẹnu Akọ̀wé wọhò.

Ohun kan ṣoṣo ló bu omi sí ayọ̀ rẹ̀. Fóònù kò dún lọ́jọ́ Ìsinmi. Kò dún lọ́jọ́ Ìsinmi kejì. Ó pè, pè, kò wọlé. Wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ó gbà pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, ṣùgbọ́n kò gbé fóònù náà sílẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ní kí òun lọ tún ahéré bàbá ọkọ òun ṣe, kí òun lè rí ibi kó iṣu sí. Òdìkejì odò tó ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ni ahéré náà wà, lórí gegele kan. Láti ìgbà tí bàbá náà ti kú, igbó ti bò ó. Ó sọdá lẹ́yìn tí oòrùn ti là dáadáa, àdá ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé wọ́n ti tẹ koríko mọ́lẹ̀. Ó rí ojú ẹsẹ̀ kan, kò rí ìkejì. Ihò ọ̀pá ló wà níbi tó yẹ kí ìkejì wà.

"Mo bá ọ lónìí!" ó kígbe. Ó ta ilẹ̀kùn nípàá, ó gbé àdá sókè.

Ọkùnrin kan dùbúlẹ̀ lórí ẹní. Irùngbọ̀n bo ojú rẹ̀, eegun àyà rẹ̀ ṣeé kà, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wú bí igbá, ó fi aṣọ dì í. Kò gbìyànjú láti dìde. Ọwọ́ nìkan ló gbé sókè.

"Àmọ̀kẹ́, mi ò jẹ ẹ́ mọ́," ó ní. "Látìgbà tí mo ti rí i, mi ò jẹ ẹ́ mọ́."

Àdá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pe Jésù, ó pe ìyá rẹ̀ tó ti kú, ó pe Ògìyán tí kò sìn rí. Ó mọ ohùn náà. Ohùn náà ló ń kí i "ça va" láti Àbíjàn. Ohun kan ṣoṣo ló wá sí i lọ́kàn: wọ́n ní ẹni tó bá kú sí ìlú òkèèrè tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, ó lè máa gbé ibòmíràn bí alààyè, àkúdàáyà ni wọ́n ń pè é. Ìdí nìyẹn tí fóònù kò fi dún.

"Bàbá Peculiar," ó bèèrè pẹ̀lú omijé, "ìgbà wo lẹ kú?"

"Mi ò kú," ọkùnrin náà dáhùn. "Ojú ló ń tì mí."

Àmọ̀kẹ́ jókòó sórí ilẹ̀ lásán. Dúrójaiyé ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń sinmi láàárín. Iná ló jó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Àbíjàn. Lọ́dọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé mọ́tò wọ Èjìgbò, òun, báàgì kan ló gbé sọdá bọ́dà. Ó ní òun kò lè gbé báàgì kan wọlé tọ ìyàwó. Ikú yá ju ẹ̀sín. Ó lọ ṣe lébìrà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kó lè rí nǹkan gbé dání, ibẹ̀ ló ti jábọ́ láti orí ilé tí wọ́n ń kọ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ kọ̀, ó wá sí ahéré bàbá rẹ̀. Ó ń tiro lọ sí títì láti ṣàájì fóònù, ó sì ń ti orí gegele yìí pè é.

"Mo máa ń rí ọ," ó ní. "Bí o bá ń roko, mo máa ń rí ẹ̀yìn rẹ láti ibí."

"Ẹ rí mi, ẹ ò pè mí?"

"Mò ń pè ọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi."

Àmọ̀kẹ́ fẹ́ gbá a létí. Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà, kò sí ẹran tí ó máa gbá níbẹ̀.

"Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí bàtà mi lórí ọ̀pá," Dúrójaiyé ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "mo mọ̀ pé o ti mọ̀. Mo mọ̀ pé èmi gan-an lo fi ààlè yẹn lé. Mo ní ó tọ́ sí mi. Mi ò tún fọwọ́ kan iṣu rẹ mọ́, mi ò sì ṣàájì fóònù mọ́."

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà tó gún Àmọ̀kẹ́ dé egungun. Bàtà àtijọ́ ṣáà ni òun ń wá! Bó bá jẹ́ tirẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà, tirẹ̀ ni ìbá so. Ó fi bàtà ọkọ rẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ kúrò nídìí oúnjẹ, ọkùnrin náà sì dùbúlẹ̀ síbí, ó ń fi ebi wo iṣu ní òdìkejì odò.

"Kí lo sọ sí i?" Dúrójaiyé bèèrè.

Ẹsẹ̀ tó wú náà ni Àmọ̀kẹ́ ń wò.

"Ó ti ń dùn mí kí o tó so ó," Dúrójaiyé ní, bí ẹni ń tu ọmọdé nínú. Àmọ̀kẹ́ gbọ́, ṣùgbọ́n kò gbà á gbọ́.

Ó sáré sọdá odò. Ó fa ọ̀pá náà tu, ó tú ààlè náà ká, eyín ló fi já okùn rẹ̀. Ó wa iṣu kan, ó padà wá dáná sí ẹnu ọ̀nà ahéré, ó sun ún. Èéfín náà ló pe Bàbá Ifákúnlé. Bàbá náà yọjú, ó rí ẹni tó wà lórí ẹní, ó di òpó ilẹ̀kùn mú kó má baà ṣubú.

"Dúrójaiyé? Ọmọ ọ̀rẹ́ mi?" Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. "Háà! A ò lè pe eléyìí lólè o. Ẹnìkan kì í jí ohun ara rẹ̀."

"Ohun ta ni, Bàbá?" Àmọ̀kẹ́ yíjú sí i, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ̀yin náà wà nínú ààrò. Ta ló kọ ebè yẹn?"

Dúrójaiyé ló fèsì.

"Tìrẹ ni," ó ní. "Ìdí nìyẹn tí mo fi ń dá orí iṣu padà fún ọ. Mi ò sì gbé ẹyọ kan lọ sílé."

"Ilé wo lẹ ní tí ẹ máa gbé e lọ?"

Ó sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ ohun tó sọ. Ó bú sẹ́kún. Ó bu iṣu náà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó sì fi í sí ẹnu ọkọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi jẹ ẹ́ tán.

Ó mú sálúbàtà náà, ó fẹ́ wọ̀ ọ́ fún un. Kò gba ẹsẹ̀ tó wú náà. Dúrójaiyé ní kí wọ́n jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí òun tó wọlé, kí ojú má baà rí òun. Bàbá Ifákúnlé ní kí òun lọ pe ọlọ́kadà wá.

"Rárá," Àmọ̀kẹ́ ní. Ó bẹ̀rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ gun ẹ̀yìn mi."

"Àmọ̀kẹ́, kí ló dé?"

"Mo ti là á lẹ́nu pé ẹsẹ̀ olè oko mi kò ní gbé e délé. Mi ò mọ bí wọ́n ti ń dá ọ̀rọ̀ padà sẹ́nu. Ẹ̀yìn mi tí ẹ̀ ń wò láti ibí ni yóò gbé yín."

Ó pọ̀n ọ́n sọdá odò, ó pọ̀n ọ́n gba àárín ebè kọjá. Kò wúwo, ìyẹn gan-an ló ń pa á lẹ́kún. Nígbà tí wọ́n wọ ìlú, oòrùn ṣì wà lókè. Àwọn tó ń yan gàrí fi ọwọ́ sílẹ̀, ọlọ́kadà kan pa mọ́ṣíìnì rẹ̀.

Akọ̀wé jókòó níwájú ilé, ó ń fi igi ta eyín rẹ̀. Ó dìde.

"Ìyàwó wa, ta lẹ pọ̀n yẹn?"

"Olè tí ẹ ní n kò lè mú ni, Akọ̀wé," Àmọ̀kẹ́ ní. "Ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa."

Akọ̀wé wò ó. Igi ìtayín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀. Àmọ̀kẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wọlé, ó ní kí wọ́n gbé omi gbígbóná wá.