Ìkíni Ojú Ọ̀nà

Bí Ládiípọ̀ ti tún kí i, Fádèyí bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀ pupa ọ̀nà Sakété, ó gbéra, ó sì ń sá lọ. Lórí kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, inú Ládiípọ̀ dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́.

Láti ìdájí ni wọ́n ti ń sá eré náà, láti Pobè dé Sakété, kí wọ́n tún sá a padà, nítorí àjọ̀dún àwọn Faransé. Àwọn yòókù ti jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ lójú ọ̀nà. Fádèyí, àgbẹ̀ ará Igana, nìkan ló kù. Ní Sakété, àwọn àgbà ti fi odidi obì kan sí i lẹ́rẹ̀kẹ́, bí wọ́n ti ń ṣe fún òjíṣẹ́ láyé àtijọ́. Ó gbọ́dọ̀ gbé e dé Pobè láìfọ́, kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí yóò fi débẹ̀.

Ládiípọ̀ ló gbégbá orókè ní èṣí. Òun ni Pobè ń pè ní Ẹsẹ̀kìírẹ̀. Orúnkún rẹ̀ bàjẹ́, ni kọ̀mándà, aláṣẹ àwọn Faransé, bá gbé kẹ̀kẹ́ lé e lọ́wọ́ pé kó tẹ̀ lé àwọn asáré, kó ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí! Kó máa wo bí ẹlòmíràn ṣe ń gba orúkọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìlara ń jẹ ẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ igi.

Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òun ni ẹ̀gbọ́n, ọmọ tí a kọ́ nílé kì í sì í jẹ́ kí ìkíni àgbà bọ́ sílẹ̀. Bí ẹnu kò bá lè dáhùn, ara ni yóò dáhùn.

“O kú oòrùn o!” ló wí ní ìlú Ìkpínlẹ̀, lójú ọ̀nà àbọ̀.

Fádèyí bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kanlẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dìde. Ètè rẹ̀ ti bó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Ládiípọ̀ mọ ìrora yẹn, ó mọ ibi tó ti ń ta nínú egungun. Síbẹ̀ ó tún kí i.

“Àbúrò, o kú ìrọ́jú!”

Lọ́tẹ̀ yìí, Fádèyí bẹ̀rẹ̀, kò lè dìde mọ́.

“Tu obì yẹn dànù,” ni Ládiípọ̀ wí, “kóo bọ́ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ó tó gẹ́ẹ́.”

Fádèyí mi orí. Ó fi orúnkún wọ́ dé ìdí ọ̀pẹ kan, ó dì í mú, ó dìde, ó tún ń sá. Ládiípọ̀ ń wò ó lọ. Àlọ nìkan ni wọ́n sá ní èṣí, díẹ̀ ló sì kù kí òun kú. Kò kí i mọ́.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí wọ́n wọ Pobè. “Ẹsẹ̀kìírẹ̀!” ni ọjà ń kígbe, Ládiípọ̀ sì ti fẹ́ dáhùn kó tó rántí pé òun kọ́ ni wọ́n ń pè.

Olóyè àgbà kọjú sí i. “Ládiípọ̀, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi sá gbogbo rẹ̀?”

“Rárá” ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Kò sẹ́lòmíràn tó rí wọn.

“Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, Bàbá,” ló wí. Ó dùn ún wọ egungun.

Fádèyí tu obì sí àtẹ́lẹwọ́ olóyè. Odidi ni. Ó wá yíjú sí Ládiípọ̀, ohùn rẹ̀ ti ha.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú pé mi ò lè dáhùn. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ jókòó, ẹ̀yin lẹ máa ń kí mi, ìyẹn ló sì ń gbé mi dìde. Nígbà tẹ́ẹ wá dákẹ́, mo ní bóyá mo ti ṣẹ̀ yín.”

Kò sí obì lẹ́nu Ládiípọ̀, àmọ́ ara ló fi dáhùn. Ó gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ tòun ti orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, ó sì fọwọ́ kanlẹ̀.