Ẹsẹ̀ Òsì Ògúnmọ́dẹdé

Kò sí awakọ̀ àtijọ́ kan láti Òkè-Ìmẹ̀sí dé Aràmọkọ tí kò mọ Ògúnmọ́dẹdé. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ló fi wa jíìpù kan tó fi ń kó kòkó sọ̀kalẹ̀ láti oko orí òkè, lójú ọ̀nà tí àwọn ọlọ́kadà òde òní máa ń dé tí wọ́n á ní kí èrò sọ̀kalẹ̀ fẹsẹ̀ rìn. Nígbà tí jíìpù náà jẹrà tán, tí àwọn tó ń ṣe é lókè òkun sì ti ṣíwọ́ ṣíṣe é, ọkùnrin yìí sunkún. Kó má gbọ́ pé mo sọ bẹ́ẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó sunkún.

Ọdún méjì rèé tí kò ti dé oko. Ohun tó ń sọ kiri ni pé kò sí ọkọ̀. Irọ́ ni. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ló ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ láti orúnkún. Kò lè gbé e gun ọ̀kadà, kò sì lè fi rìn gun òkè. Títílayọ̀ ìyàwó rẹ̀, tó ń fi òrí pa á fún un láràárọ̀ nínú yàrá, nìkan ni ọkùnrin náà rò pé ó mọ̀, ó sì ti kìlọ̀ fún ìyàwó náà pé kò gbọdọ̀ sọ fún Fúnmiọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tó ń ṣiṣẹ́ l'Ábújá. Ohun tí bàbá yìí ń fẹ́ láyé kò pọ̀. Kó fọwọ́ ara rẹ̀ wa ọkọ̀ dé ìdí kòkó tí bàbá rẹ̀ gbìn ni, kó sì wà á padà wálé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó sí ìsọ̀ fọkanáísà pẹ̀lú Bámigbóyè ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti àwọn awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ni fóònù bá dún. Fúnmiọlá ni. Ògúnmọ́dẹdé gbé e sí gbangba kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Bàbá mi, jíìpù yín ti padà dé o! Wọ́n tún ti ń ṣe é, tuntun. Mo ti ní kí wọ́n bá wa mú ọ̀kan. Ọtò ni mo mú, èyí tó ń yí jíà fúnra rẹ̀."

Ká ní ó dákẹ́! Ká ní ó ní "O ṣé, ọmọ mi," kó sì pa fóònù! Àmọ́ Bámigbóyè ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọtò kẹ̀?" Ògúnmọ́dẹdé pariwo. "Èmi! Ṣé mo ti di ìyàwó bánkà ni? Ọkọ̀ tó ń yí jíà fúnra rẹ̀, kí ni awakọ̀ ń ṣe níbẹ̀, ṣé ó ń ṣọ́ ọ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ìyẹn sì tún mú kí orí rẹ̀ wú.

Fúnmiọlá ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un rò, sà. Wọ́n ní ọtò náà ń gun òkè dáadáa."

"Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ ti gun òkè Ẹ̀fọ̀n rí? Mánúà ni mo fẹ́, kí n fẹsẹ̀ ara mi tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí n fọwọ́ ara mi yí jíà. Tí kì í bá ṣe mánúà, má wulẹ̀ gbé e wá."

"Ó dáa, sà."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Títílayọ̀ gbọ́ nílé, ó sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ó ní: "Bàbá Fúnmiọlá, ẹsẹ̀ wo lẹ fẹ́ fi tẹ kílọ́ọ̀ṣì?" Ọkọ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ náà á ti yá kí ọkọ̀ tó dé. Láti ọjọ́ náà, ó ń gbé ẹsẹ̀ lé ìtì igi kan lára ògiri láràárọ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́, òógùn ń bò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì ló pe ọmọ náà láti sọ pé ọtò náà ni kó mú wá. Nígbà àkọ́kọ́, ó béèrè bóyá òjò ti ń rọ̀ l'Ábújá. Nígbà kejì, ó tún béèrè òjò.

Oṣù méje kọjá kí ọkọ̀ tó dé, nítorí mánúà kò wọ́pọ̀. Fúnmiọlá gba ìsinmi wá. Ní agbo ilé wọn, Ògún ni wọ́n ń bọ, àṣà wọn sì ni pé ẹni tó bá ni ọkọ̀ tuntun ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ wà á kọjá lórí epo tí wọ́n ta sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá a ṣe é. Awakọ̀ tó gbé e wá pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sí ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gun wọ inú ọgbà, ó sọ̀kalẹ̀. Gbogbo àdúgbò ti pé. Bámigbóyè wọ fìlà tuntun.

Ògúnmọ́dẹdé jókòó, ó fọwọ́ pa ìdarí ọkọ̀. Inú rẹ̀ dùn gan-an ni. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ òsì lé kílọ́ọ̀ṣì lójú gbogbo ayé, ó tẹ̀ ẹ́, ó ṣáná, ó tú bíréèkì. Bí ó ti fẹ́ gbéra, ẹsẹ̀ yẹ̀. Ọkọ̀ ta gìrì, ó kú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ sẹ́yìn. Àwọn èèyàn fọ́n ká, wọ́n ń pariwo "Yéè!" Kúnlé, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń wa típà l'Ẹ́fọ̀n, ló fò wọlé tó fa bíréèkì ọwọ́.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bámigbóyè ń wo ilẹ̀.

Fúnmiọlá wá sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó rọra sọ̀rọ̀, kó má bàa dé etí àwọn èèyàn. "Mo ti mọ̀ láti Kérésì, Bàbá mi. Mo rí yín lórí àtẹ̀gùn, tí ẹ ń fọwọ́ gbé ẹsẹ̀ yín. Ìdí tí mo fi mú ọtò nìyẹn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan là ń fi wà á."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Mo gbọ́ ohùn Bàbá Bámigbóyè àti àwọn yòókù nínú fóònù. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi yín ṣẹlẹ́yà, sà. Mo rò pé ẹ máa pè mí tó bá ku ẹ̀yin nìkan."

"Ṣé wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀?"

"Mo ti bi wọ́n, wọ́n ní rárá."

Omi bọ́ lójú ọkùnrin náà, kò sì fi í pamọ́. "Dárí jì mí, ọmọ mi," ló wí. Lẹ́yìn náà ló ní kí Kúnlé wá jókòó sídìí ìdarí, kó wa ọkọ̀ lọ sóko. Wọ́n ràn án lọ́wọ́, ó bọ́ sí ìjókòó ẹ̀gbẹ́, Títílayọ̀ sì bá a ti ilẹ̀kùn.