Ọjọ́ Tí Aláago Di Èrò Ọkọ̀

Ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì náà mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí afárá, ó sì dákẹ́. Awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò gbọ́ ju kẹ́kẹ́kẹ́ lọ. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ti ń wakọ̀ láti ilé ìwòsàn ńlá dé ilé ìfìwéránṣẹ́, kò pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ rí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Aláago.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ àwọn èrò, ó tẹ mẹkáníìkì ilé iṣẹ́ wọn láago. Mẹkáníìkì dé, ó yọjú wo ìdí ọkọ̀, ó ní ohun tó bàjẹ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n lè tún ṣe lójú títì. Ó ní wọ́n máa wọ́ ọkọ̀ lọ ni, kí Aláago máa lọ sílé, kó ka ìyókù ọjọ́ náà mọ́ ìsinmi rẹ̀.

Ìsinmi yẹn gan-an ló dá ìjà kékeré sílẹ̀ láàárọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni, ó kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀. Òun àti Ìyá Ìbejì, ìyàwó rẹ̀ tó ń rán kọ́tìnnì ní pálọ̀ wọn, fẹ́ lọ lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní ilẹ̀ òkèèrè kan tó fẹ̀ débi pé bí ilẹ̀ bá mọ́ lápá kan rẹ̀, àwọn ará apá kejì ṣì ń hanrun. Láti ìgbà tí àwọn ìbejì ti wà ní jẹ́léósinmi ni obìnrin náà ti ń dárúkọ ibẹ̀. Aláago wá jókòó, ó fi rúlà fa ìlà, ó ṣètò. Wọ́n á yá mọ́tò, òun á sì wà á láti etí òkun ìlà-oòrùn dé etí òkun ìwọ̀-oòrùn láàárín ọjọ́ méjìdínlógún, wákàtí mẹ́sàn-án lójúmọ́. Ó fún oúnjẹ ọ̀sán ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Òkè tó ga jù lọ níbẹ̀, ogún ìṣẹ́jú.

Ìyá Ìbejì ka ètò náà dópin, ó gbé síṣọ́ọ̀sì sílẹ̀.

“Bàbá Ìbejì, àgbàlagbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Ejò wo ló ń lé wa?”

Aláago ní kò sí ejò, ètò ni. Obìnrin náà ní tó bá jẹ́ báyìí ni, kó máa lọ kó máa bọ̀, òun ní kọ́tìnnì láti rán. Kò gbóhùn sókè rárá. Ohun tó ba ọkọ rẹ̀ lẹ́rù nìyẹn, torí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ti fẹnu kò sí láti sanwó mọ́tò.

Bọ́ọ̀sì mìíràn dé láti kó àwọn èrò, obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló wà á. Aláago wọlé, ó dúró tì í níwájú, ó ń sọ ibi tí kòtò wà fún un. Obìnrin náà fara dà á dé ìkóríta kìíní, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó.”

Àyè kan ṣoṣo ló kù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá kan tó ń fọ aṣọ nílé ìwòsàn. Ọjọ́ pẹ́ tí ìyá yìí ti ń wọ ọkọ̀ rẹ̀, àmọ́ inú dígí iwájú awakọ̀ nìkan ni Aláago ti mọ̀ ọ́n. Ìyá náà dìde, ó ní kó bọ́ sẹ́bàá fèrèsé. Aláago jókòó, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò gbà pé iṣẹ́ ti parí; gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ dúró ló ń tẹ bíréèkì tí kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gun afárá kejì, ìyá náà ní kó wo ìsàlẹ̀. Odò ń ṣàn níbẹ̀, àwọn pẹ́pẹ́yẹ sì tò lórí omi bí ọmọ ilé ìwé. Aláago mọ̀ pé odò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ̀ nípa pẹ́pẹ́yẹ. Wọ́n kọjá ilé kan tí fèrèsé rẹ̀ méje ní ọ̀dà méje. Nígbà tí wọ́n dúró ní ibùdókọ̀ kejì, ìyá náà tọ́ka sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè kan. Bàbá arúgbó kan ń ta dáráfù níbẹ̀, òun nìkan. Tó bá ta ọ̀kan, á yí pátákó po, á ta ìkejì.

“Lánàá, ó da gbogbo ọmọ dáráfù náà nù,” ni ìyá náà wí. “Ó jọ pé ara rẹ̀ ló ń rẹ́ ara rẹ̀ jẹ.”

Aláago béèrè ìgbà tó ti ń ta á. Ìyá náà ní ọdún kọkànlá rèé.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ lójúmọ́ ni Aláago ń gba iwájú ilé yẹn kọjá. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, ó ń rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ìyá náà sì ń bá a rín in. Nígbà tó fi máa nu ojú rẹ̀, ó ti kọjá ibùdókọ̀ tirẹ̀, ó ti tún fi méjì lé e. Ẹsẹ̀ ló fi rìn padà, kò sì kánjú.

Ìyá Ìbejì wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà tó wọlé. Aláago ròyìn gbogbo rẹ̀: pẹ́pẹ́yẹ, fèrèsé méje, bàbá oní-dáráfù. Obìnrin náà dá ẹ̀rọ dúró. Ọkọ rẹ̀ wá ètò rẹ̀ rí lábẹ́ aṣọ tí wọ́n ti gé, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó mú pẹ́ńsù.

“Níbo lo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀?”

Ìyá Ìbejì wò ó fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó ń wo aṣọ bóyá á ṣí. Lẹ́yìn náà ló tẹ́ máàpù sórí tábìlì. Ó ní ọkọ̀ ojú irin ni kí wọ́n máa wọ̀, kí wọ́n máa sọ̀ ní àwọn ìlú kéékèèké, kí wọ́n máa gbé ibẹ̀ títí yóò fi sú wọn. Ó fi ìka rin ìrìn náà fún un, ó ń dárúkọ àwọn odò bí ẹni pé ẹbí rẹ̀ ni wọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pé, ìka rẹ̀ kò tíì kọjá àárín máàpù.

Aláago ní, “A ò ní dé òkun kejì.”

“A ò ní dé ibẹ̀,” ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Aláago tún un sọ, ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ń dùn lẹ́nu òun.

Wọ́n ṣí fóònù láti ra tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́. Àga ọkọ̀ ojú irin náà wà ní méjì-méjì, ọ̀kan nínú méjì sì wà ní ẹ̀bá fèrèsé. Ìyá Ìbejì ní kí ọkọ òun mú un, òun ti mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lọ́kọ̀.

Aláago ń rántí ọdún tí wọ́n pàdé, nígbà tí obìnrin yìí máa ń wọ bọ́ọ̀sì rẹ̀, tó máa ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Ó ń rántí gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ti jọ wọ̀ látìgbà náà: ọwọ́ tirẹ̀ ló ń wà lórí ìtọ́kọ̀, ojú rẹ̀ sì ń wà lójú títì. Kò tíì rí bí ojú ìyàwó rẹ̀ ṣe máa ń rí nígbà tí ohun tuntun bá ń kọjá lójú fèrèsé.

Ó na ọwọ́ sí fóònù náà, ó sì yan àga ẹ̀bá fèrèsé fún un.