Ibi Tí Bátìrì Màámi Yóò Ti Dúró

Mi ò lè jókòó. Bí mo bá jókòó, màá tún dìde lọ wo mítà tí ń ka fóltì bátìrì. Bátìrì tí mo fọwọ́ ara mi tò fún ẹ̀rọ tí ìyá wa fi ń mí ni mò ń dán wò, torí iná ilé wa kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ó ku kí n yan iye fóltì tí yóò ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró fúnra rẹ̀, kí ó má baà gbẹ tán.

Bùọ̀dá mi dúró tì mí. "Jẹ́ kí ẹyọ bátìrì kọ̀ọ̀kan lọ sílẹ̀ dé fóltì méjì ààbọ̀. Ẹ̀rọ náà á ṣiṣẹ́ pẹ́ sí i fún Màámi bí iná bá lọ."

"Tòní nìyẹn. Bí a bá ń fà á gbẹ bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ á bàjẹ́. Lọ́jọ́ tí a bá tún ń cháàjì rẹ̀, ó lè gbiná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn. Fóltì mẹ́ta ni tèmi."

"Agídí ẹ ti pọ̀ jù!"

"Ẹ wá wo àpá ọwọ́ mi, Bùọ̀dá. Bátìrì tó gbiná ló ṣe é."

"Ariwo ẹ̀yin méjèèjì ló ń gba èémí mọ́ mi lọ́wọ́," ni ìyá wa sọ láti orí ibùsùn. "Ẹ fi sí mẹ́ta, kí ẹ sì lọ ra bátìrì mìíràn kún un."

Mo fi sí mẹ́ta. Bùọ̀dá mi ti ń wá bàtà rẹ̀.