Ìlà Kẹtàdínláàádọ́rin

Ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì wa ní Festac, Bọ̀dá Akọ́ládé, ní kí n jókòó, kí n máa fi ọwọ́ da ọgọ́fà ìdánwò tí a fi ń yẹ iṣẹ́ áàpù wa wò kọ láti inú kóòdù sínú ṣíìtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èmi Bàrákàt? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ fún mi ní wákàtí kan péré."

Áàpù géètì la ṣe fún ẹ́sítéètì kan ní Amuwo: bí àlejò bá dé, áàpù á pe onílé, onílé á ní kó wọlé tàbí kó padà. Màmá Rosaline, alága àwọn onílé, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, ló máa buwọ́ lù ú lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n ní àwọn ò lè buwọ́ lu ohun tí àwọn ò kà, wọn ò sì gbọ́ kóòdù. Bí wọn ò bá buwọ́ lù ú, iṣẹ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ nìyẹn, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ ní kó máa lọ sílé.

Mo kọ kóòdù kékeré kan tó ń ṣa àwọn ìdánwò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń kọ wọ́n sórí ìlà ṣíìtì náà ní èdè tí èèyàn gbọ́, tó ń kun àwọ̀ ewé sí èyí tó yege, pupa sí èyí tó kùnà. Kí wákàtí tó pé, gbogbo ọgọ́fà ti rí bí oko ẹ̀fọ́. Ta ló tún mọ iṣẹ́ ju èyí lọ?

Nígbà tí èmi àti ọ̀gá dé ilé Màmá, Màmá fi awò sójú, wọ́n ń fi ìdí bírò tọ ìlà lójú kọ̀ǹpútà mi bíi fáìlì ọ́fíìsì. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹ máa wá a, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Àfi bí wọ́n ṣe dúró lórí ìlà kẹtàdínláàádọ́rin: "Bí onílé kò bá gbé fóònù, àlejò kò gbọdọ̀ wọlé." Ó yege.

"Ta ló kọ eléyìí?"

"Èmi ni, mà."

"Lọ́dún tó kọjá mo ṣubú ní balùwẹ̀, mi ò lè dìde. Lois, ọmọ ìjọ wa, pè mí títí, mi ò gbé e. Àyà ẹ̀ já, ló bá sáré wá. Ká ní géètì yín yìí ló bá, ṣé kì í ṣe pé á dá a padà?"

Ojú tì mí gan-an. Ọ̀gá ti ń ṣàlàyé pé nǹkan kékeré ni, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ ná." Níwájú wọn ni mo ti tún ìdánwò náà kọ: bí onílé kò bá gbé fóònù, kí áàpù ní kí ẹ̀ṣọ́ mú àlejò lọ kan ilẹ̀kùn. Mo tún da gbogbo rẹ̀ sínú ṣíìtì. Áàpù ò tíì mọ ìyẹn ṣe, ni ìlà náà bá pọ́n wẹ̀ẹ́.

Ọ̀gá wò mí bí ẹni tó fẹ́ gbá mi létí. Mo ní, "Mà, kò yege. Ẹ fún mi di ọ̀la."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Àwọn tó yege, ẹnu yín ni mo ti gbọ́ wọn. Eléyìí tó kùnà, ojú mi ló ṣe." Wọ́n buwọ́ lù ú, wọ́n ní kí n fi ṣíìtì náà ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn. "Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ gbé e sí géètì títí ìlà yẹn á fi yí padà."

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló yí padà. Mi ò tíì sọ fún ọ̀gá pàápàá tí fóònù mi fi dún. Màmá ni.

"Bàrákàt, a ti rí i. Èmi àti Lois la jọ jókòó tì í látàárọ̀."