Àjàṣẹ́ Wo?

Láti Òkòkòmáìkò ni Bọ̀dá Caleb, aládùúgbò wọn, ti ń kọ́ Kíkẹ́lọmọ Hùnsù lẹ́kọ̀ọ́ irọ́.

"Bí wọ́n bá ní níbo ni wọ́n bí ẹ sí, sọ pé Àjàṣẹ́, kí o panu mọ́. Wọ́n á rò pé Àjàṣẹ́-Ìpo ní Kwara ni. Àbí Àjàṣẹ́ kọ́ ni wọ́n bí ẹ sí?"

Òótọ́ ni. Àmọ́ Àjàṣẹ́ tirẹ̀ wà lẹ́yìn ààlà Sẹ̀mẹ̀, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí bàbá rẹ̀, ọmọ Ègùn, ti wá. Ìyá rẹ̀, Morádéyọ̀, ọmọ Ẹ̀gbá tó ń ránṣọ ní Ajangbadi, ló ń mú un lọ gba ìwé ìrìnnà Nàìjíríà. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan ní Gánà ti gbà á. Bí ìwé náà kò bá jáde lóṣù yìí, àyè bọ́ nìyẹn.

"Má dá Caleb lóhùn," ni ìyá wí. "Ọlọ́run tí a ké pè láàárọ̀ kò ní ká fi irọ́ bá Òun ṣí ilẹ̀kùn."

Ní ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà, Ìyáàfin Gbàdàmọ́sí tó ń gba ìwé oníkálukú wò ó láti òkè ìgò ojú rẹ̀.

"Níbo ni wọ́n bí ẹ sí?"

"Àjàṣẹ́, mà."

Obìnrin náà fò dìde. "Ará ilé mi! Agbo ilé wo nínú Ìpo?"

Ilẹ̀kùn irọ́ ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Orúkọ agbo ilé kan péré ló kù. Kíkẹ́lọmọ wojú ìyá rẹ̀. Ìyá kò bá a wí, oríkì ìdílé Ẹ̀gbá tiwọn ló kùn sí i létí:

"Àṣàkẹ́, ọmọ Ògúnjìmí, ọmọ a-rọ-irin-má-rọ-irọ́."

Orí ọmọ wú. "Ẹ má bínú mà, kì í ṣe ti Ìpo. Àjàṣẹ́ ti Bẹ̀nẹ̀ ni."

Ọkùnrin kan lẹ́yìn wọn bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ Kútọnu! Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà lo wá gbà?"

Morádéyọ̀ yíjú sí i. "Ẹ̀gbọ́n, bí adìyẹ bá yé sínú bàtà yín, ṣé bàtà lẹ ó máa pe ọmọ rẹ̀?"

Gbogbo ilé hó yèè. Ìyáàfin Gbàdàmọ́sí nu omi ẹ̀rín lójú.

"Ìyá, ẹ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu òfin. Ẹni tí wọ́n bí sókè òkun tàbí lẹ́yìn ààlà, bí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá ti jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà lòun náà. Ẹni tí wọ́n tiẹ̀ bí sí Nàìjíríà níbí, ibi ìbí nìkan kò tó; a ó bi í pé ọmọ ta ni. Ìwé ìjẹ́-ọmọ-ìlú tiyín láti ìjọba ìbílẹ̀ ńkọ́?"

Àárín Bíbélì ni Morádéyọ̀ ti fà á yọ.

"Ó pé. Àṣàkẹ́, mo gbọ́ oríkì rẹ; jókòó síwájú kámẹ́rà, kí o gbé ojú sókè."

Kíkẹ́lọmọ gbé e sókè bí ọmọ tó mọ ilé baba ìyá rẹ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà, Caleb tó ti ń dúró dè wọ́n sáré pàdé wọn. "Ṣé o sọ Àjàṣẹ́?"

"Mo sọ ọ́."

"Wọ́n ò sì béèrè èwo!"

"Bọ̀dá mi, ọmọ Ìpo gan-an lẹ rán mi lọ purọ́ Ìpo fún."

Caleb káwọ́ lérí. Morádéyọ̀ ti bọ́ síwájú, ó ń kọrin ọpẹ́.