Ogójì Ọjọ́ Sàbítù

Ọdún kọkànlá rèé tí Shakirat ti ń ṣiṣẹ́ ajíòkú ní Bouaké, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ lọ́jọ́ tí ogójì ọjọ́ òkú kan bá pé. Ẹni tó bá ti fọwọ́ sí pápíyé, ìwé àdéhùn, nígbà ayé rẹ̀ pé òun á sin ìlú lẹ́yìn ikú, Shakirat á bu omi sí ìgbèrí ibojì rẹ̀, á pe orúkọ inú pápíyé náà lẹ́ẹ̀mẹta, onítọ̀hún á sì dìde. Kò ní jẹ, kò ní mu, kò ní mọ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ nìkan ni. Tí oòrùn ogójì ọjọ́ bá ń wọ̀, Shakirat á tún pe orúkọ náà, á sì mú un padà sínú ilẹ̀.

Bí oòrùn bá wọ̀ tán kí òkú tó wọlẹ̀, ó parí. Ọ̀gá tó kọ́ Shakirat níṣẹ́ ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Òkú náà ṣì wà lẹ́bàá ojú irin títí dòní, ó dúró ṣánṣán, òjò ń pa á, ọyẹ́ ń fẹ́ lù ú, kò lè ṣiṣẹ́, kò lè sùn. Bí Shakirat bá ń lọ sọ́jà, ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà kó má baà rí i.

Sàbítù ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tún alùpùpù ṣe ní àdúgbò Kòkó. Òun fúnra rẹ̀ ló ní gọ́tà àdúgbò ni kí wọ́n fi òun kó, torí àgbàrá ti gbé ọmọdé lọ níbẹ̀ rí. Ogójì ọjọ́ rẹ̀ pé lónìí.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àlàásárì tán ni ìyá rẹ̀ dé bá Shakirat láti Sakassou, níbi tó ti ń ṣòwò. Ìyá náà kò lọ síbi ìsìnkú. Àwa kì í jẹ́ kí òbí rí ibojì ọmọ.

"Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́," ni ìyá náà wí. "Ibojì ni èèwọ̀, gọ́tà kì í ṣe ibojì. Jẹ́ kí n rí i, kí n máa lọ."

Ta ni kò ní ṣàánú rẹ̀? "Ó dáa, Ìyá. Ṣùgbọ́n ẹ má pe orúkọ ẹ̀ o. Ẹ kàn wò ó lókèèrè ni."

"Mi ò ní pè é."

Ìkìlọ̀ tí Shakirat máa ń ṣe fún àwọn ẹ̀yà Baoulé àti Dioula nìyẹn, ó sì máa ń tó. Òun tó jẹ́ Anago, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, ló wá gbàgbé pé ti ara wa yàtọ̀. Ìyá náà kò sì purọ́. Nígbà tó rí ọmọ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ nínú gọ́tà, tí ṣọ́bìrì ń lọ tó ń bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò pe Sàbítù. Ohun tí ìyá wa èyíkéyìí máa ń wí fún ọmọ tó bá bá lẹ́nu iṣẹ́ ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Àlàmú, o kú iṣẹ́."

Ṣọ́bìrì já bọ́. Sàbítù gbórí sókè, ó wo ìyá rẹ̀. Shakirat kò rí i rí kí òkú wo èèyàn bẹ́ẹ̀.

"Sàbítù!" Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta, òkú kò tilẹ̀ wo ibi tó wà. Ó pe Àlàmú pẹ̀lú, òfo ló já sí. Oríkì ti jí ohun tí orúkọ kò jí, ẹnu tó jí i nìkan ló sì lè mú un sùn. Shakirat wo oòrùn, ó ti fẹ́ kan òrùlé.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ ó mú un lọ sí itẹ́ òkú báyìí."

"Èmi? Síbi ibojì ọmọ mi? Èèwọ̀! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"Ẹ̀yin lẹ pè é, Ìyá. Ṣé ẹ ti rí ẹni tó dúró lẹ́bàá ojú irin yẹn? Tí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Oòrùn ò ní dúró dè wá."

Kò sẹ́ni tó wọ Bouaké tí kò tíì rí ti ojú irin. Ìyá náà wo ọmọ rẹ̀ títí, ó tú ìborùn rẹ̀, ó sì fi di ojú ara rẹ̀ pinpin.

"Àlàmú, mú mi lọ́wọ́. Jẹ́ ká máa lọ sílé rẹ."

Sàbítù mú un lọ́wọ́, òun ló mọ ọ̀nà. Shakirat tẹ̀ lé wọn, ó ń wo ojú ọ̀run, ó ń gbàdúrà. Àwọn alùpùpù ń yà fún wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá kọsẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni òkú dúró dè é, Shakirat sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún. Nígbà tí wọ́n fi máa dé itẹ́, oòrùn ti pọ́n, ó ti wọ ìdajì.

"A ti dé, Ìyá. Ẹ sọ fún un."

Ìyá la ẹnu, ohùn kò jáde. Ó tún un là. Oòrùn ku bíńtín.

"Ìyá, ẹ gbà mí! Ó ń wọ̀ o!"

"Àlàmú," ni ìyá náà wí, bí ẹni ń rẹ ọmọ ọwọ́ lẹ́kún, "o ti ṣe é dáadáa. Gọ́tà ti mọ́. Ó tó. Sùn."

Sàbítù jọ̀wọ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ilẹ̀ gbà á. Shakirat kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ yẹ̀pẹ̀ náà, kò tíì tẹ̀ ẹ́ tán tí wọ́n fi pe ìrun Mọ̀gáríbì.

"Ṣé ó ti wọlẹ̀?"

"Ó ti wọlẹ̀, Ìyá."

Ó mú ìyá náà jáde pẹ̀lú ojú dídì. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì, ìyá kọ ẹ̀yìn sí itẹ́, ó tú ìborùn kúrò lójú, ó sì nà án sí Shakirat láìbojú wẹ̀yìn.

"Bá mi lọ fi bò ó. Ọwọ́ ẹ̀ tutù."